WAEC àti JAMB: Ṣé làákàyè ọmọ ni ìdánwò ń wọ̀n ni, àbí ohun tó há sórí?

Ọdún 2025 kì í ṣe ọdún tí àwọn òbí tó ní ọmọ nílé ìwé girama yóò tètè gbàgbé ní Nàìjíríà. Lóṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB, bú sẹ́kún níwájú àwọn akọ̀ròyìn nígbà tó ń jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wọ inú ìdánwò UTME ní ibùdó 157, l'Ékòó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún tó wà ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 lọ̀rọ̀ náà kàn. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá tún un ṣe.

Ó ku díẹ̀ kí oṣù náà parí nígbà tí ti WAEC náà dé. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ́ débi pé ilẹ̀ ṣú mọ́ àwọn ọmọ lórí ìjókòó láwọn ibùdó kan. Iná tọ́ọ̀ṣì àti iná fóònù ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Àjọ náà ní torí káwọn má jẹ́ kí ìbéèrè jò síta ló fà á tó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, èsì jáde. WAEC ní ìdá 38.32 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2024, ìdá 72.12 ni. Ariwo ta láti Ṣókótó dé Badagry. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, WAEC ti ìkànnì tí wọ́n ti ń wo èsì pa, ó ní àṣìṣe ti wà níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kí ọmọ má baà wo tẹnìkejì, wọ́n to ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́ lóríṣiríṣi nínú àwọn iṣẹ́ kan. Àmọ́ nínú ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn tí wọ́n fi máàkì kò bá ìwé tó wà níwájú ọmọ mu. Wọ́n tún un ṣe, iye náà sì gòkè sí ìdá 62.96.

Ẹ wo ìṣirò náà dáadáa. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọ 754,545 ló yege. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó tán, wọ́n ti di 1,239,884. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù ọmọ tí wọ́n kúrò ní olódo, tí wọ́n di ọlọ́pọlọ pípé láàárín ọjọ́ mélòó kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣí ìwé wò.

Gbogbo ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, kóòdù àti iná mànàmáná lásìkò yẹn. Ìbéèrè kan wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ tí ariwo kò jẹ́ kó gbọ́ etí: kódà ká ní kò sí àṣìṣe kankan, kí ni máàkì tí ọmọ gbà yẹn ń sọ fún wa nípa ọmọ náà? Ṣé pé ó lè ronú ni, àbí pé ó lè rántí?

Kóńgò tí wọ́n tẹ̀ nídìí

Ẹni tó bá ti ra ìrẹsì tàbí ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn mọ ọ̀rọ̀ kóńgò. Kóńgò la fi ń wọ̀n ọjà, orí rẹ̀ sì ni iye owó dúró lé. Tí ìyá ọlọ́jà kan bá ti fi òkúta lu ìdí kóńgò tirẹ̀ wọlé, yóò kún fọ́fọ́, yóò tún yọ góńgó lórí, ṣùgbọ́n ọjà inú rẹ̀ kò pé. Oníbàárà tó gbọ́n kì í wo orí kóńgò nìkan. Ó máa ń gbé e, yóò sì wo ìdí rẹ̀.

Ìdánwò ni kóńgò tí Nàìjíríà fi ń wọ̀n ọmọ. Òun ni yunifásítì ń wò. Òun ni ilé iṣẹ́ ń béèrè. Òun ni gómìnà fi ń yangàn pé ìpínlẹ̀ òun ló ṣe ipò kìn-ín-ní. Òbí ń yá owó sí i, olùkọ́ ń gba ìyìn tàbí èébú lórí rẹ̀. Ó wá yẹ kí ẹnì kan wo ìdí rẹ̀.

Ìṣẹ́jú àáyá ogójì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí JAMB, torí òun ni ìṣirò rẹ̀ rọrùn jù. Nínú UTME, ìbéèrè 60 ni ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní ogójì ogójì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180. Wákàtí méjì ni wọ́n fún ọmọ láti dáhùn gbogbo rẹ̀. Tí a bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Nínú ìṣẹ́jú àáyá 40 yẹn, ọmọ gbọ́dọ̀ ka ìbéèrè, kó ka ìdáhùn mẹ́rin tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó yan ọ̀kan, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì kọjá. Tó bá jẹ́ ìṣirò tó gba kéèyàn ṣe é ní ìpele mẹ́ta, ọmọ tó jókòó láti ronú sí i ti ń pàdánù ìbéèrè méjì mìíràn. Ọmọ tó ti rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, tó rántí ìdáhùn rẹ̀, ló máa jèrè. Ẹni tó ṣètò ìdánwò náà lè má gbèrò bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ aago ti gbè sẹ́yìn ẹni tó há a sórí.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti oríire. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà lábẹ́ ìbéèrè, ọ̀kan ló tọ̀nà. Ẹni tó bá dijú, tó ń tẹ ohun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ láìka ìbéèrè rárá, ìṣirò sọ pé yóò rí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbà. Ìdá kan nínú mẹ́rin 400 jẹ́ 100. Ní ìpàdé tí JAMB àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ṣe lóṣù keje ọdún 2025, máàkì tí wọ́n fẹnu kò lé pé kò gbọ́dọ̀ dín ni 150 fún yunifásítì, 140 fún ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àti 100 fún ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́.

Ìyẹn ni pé kóńgò tí wọ́n fi ń gba ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, àti ẹni tí yóò wá di olùkọ́ ọmọ wa lọ́la, bá iye tí oríire lásán lè fún èèyàn dọ́gba. Èyí ò túmọ̀ sí pé ọmọ tó gba 100 kò mọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni kò bu ọmọ tó gba 300 kù. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé máàkì náà nìkan kò lè sọ èwo ni èwo fún wa.

Àwọn yunifásítì fúnra wọn ti mọ̀ tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ìdánwò Post-UTME sílẹ̀ lọ́dún 2005: wọ́n ń rí ọmọ tó gba máàkì ńlá wọlé, tí kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ní kíláàsì. Àmọ́ ohun tó dunni ni pé nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sọ Post-UTME náà di ìbéèrè onídàáhùn mẹ́rin. Kóńgò kejì tún jọ ti àkọ́kọ́.

WAEC kì í ṣe ìháǹsórí pátápátá

Tí èèyàn bá ní gbogbo ìdánwò Nàìjíríà ló jẹ́ háasórí, kò ṣòdodo. WAEC, tó ti wà láti ọdún 1952, ní àwọn apá kan tó ń béèrè fún làákàyè gidi.

Ẹ wo èdè Gẹ̀ẹ́sì. Máàkì àádọ́ta ni ti àròkọ: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún bí ọmọ ṣe tò ó, 20 fún bí ó ṣe lo èdè, 10 fún sípẹ́lì àti gírámà. Ibẹ̀ náà ni apá tí wọ́n ń pè ní summary wà. Wọ́n á fún ọmọ ní àyọkà, wọ́n á ní kó fi gbólóhùn tirẹ̀ sọ kókó inú rẹ̀. Ọmọ tó bá kàn da gbólóhùn inú àyọkà kọ sílẹ̀ bó ṣe wà, máàkì rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn olórí olùyẹ̀wò WAEC máa ń kọ ìjábọ̀ síta, tí wọ́n sì ń ráhùn pé àwọn ọmọ ń gbé gbólóhùn odindi látinú àyọkà láìronú.

Ẹ gbé ìráhùn yẹn yẹ̀ wò. Ìbéèrè náà béèrè fún ìrònú. Ọmọ ni kò mọ ohun tó kàn lẹ́yìn kéèyàn dà á kọ. Kí ló dé? Torí pé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ sínú ìwé, kó há a sórí, kó tún dà á padà fún tíṣà lọ́jọ́ ìdánwò. Ọdún méjìlá ló fi kọ́ àṣà yẹn. Wákàtí méjì nínú gbọ̀ngàn ìdánwò kò lè mú un kúrò.

Bí ilé ìwé ṣe ń sọ ìbéèrè tó fẹ́ ìrònú di háasórí nìyẹn. Wọ́n á kọ lẹ́tà sí olóòtú ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ fún gbogbo kíláàsì, wọ́n á ní "ẹ kírámù rẹ̀, ó máa ń jáde." Wọ́n á ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, wọ́n á sì máa fi ìdáhùn kọ́ ọmọ dípò kí wọ́n fi ọ̀nà tí ìdáhùn gbà wáyé kọ́ ọ. Ọmọ mọ̀ pé litmus aláwọ̀ búlúù yóò pupa tí wọ́n bá rì í sínú ásíìdì, bẹ́ẹ̀ kò fojú kan litmus rí, torí yàrá àyẹ̀wò ilé ìwé rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń dá ara wọn lẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ yìí: kírámù rẹ̀, dà á síwèé, gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀rín ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀.

Ebè méjì, ìbéèrè méjì

Kí ni ìyàtọ̀ ìbéèrè tó ń wọ̀n ìrántí àti èyí tó ń wọ̀n làákàyè? Àpẹẹrẹ kan rèé látinú ẹ̀kọ́ Biology.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: Kí ni orúkọ ohun tó mú kí ewé ní àwọ̀ ewé? Ọmọ tó bá ti há a sórí yóò kọ chlorophyll, ó parí.

Ìbéèrè kejì: Ìyá kan gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí ebè méjì. Ọ̀kan wà ní gbangba, èkejì wà lábẹ́ igi máńgòrò. Iye omi kan náà ló ń bu sí méjèèjì, ajílẹ̀ kan náà ló lò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ti gbangba tutù yọ̀yọ̀, ti abẹ́ igi tín-ín-rín, ó sì ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Kí ló fà á? Kí sì ni ìyá náà lè ṣe láti mọ̀ dájú pé kì í ṣe ilẹ̀ ni kò dára?

Ìbéèrè kejì kò ṣeé há sórí. Ọmọ ní láti mọ iṣẹ́ oòrùn lára ewé, kó tún ronú pé tí òun bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni, òun á bu erùpẹ̀ abẹ́ igi yẹn lọ sí gbangba, òun á gbin ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀, òun á sì máa wò ó. Bẹ́ẹ̀, wọ́n lè sọ ìbéèrè yìí di onídàáhùn mẹ́rin, kó sì ṣì máa béèrè fún ìrònú. Torí náà, ẹ̀sùn kò sí lára objective fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó gbé ìbéèrè kalẹ̀ ló wà.

Lọ́dún 1956, Benjamin Bloom, onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan ní Yunifásítì Chicago l'Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to irú ìbéèrè wọ̀nyí sí ìpele mẹ́fà. Ìrántí ló wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òye, lílo ohun téèyàn mọ̀, títú ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, síso nǹkan pọ̀ di tuntun, àti ṣíṣe ìdájọ́. Gbogbo ẹni tó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Nàìjíríà ló kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Ohun tó kù ni kí wọ́n lò ó. Tíṣà tó ní ọmọ àádọ́rin ní kíláàsì, tó sì gbọ́dọ̀ máàkì gbogbo ìwé wọn lálẹ́, ìbéèrè tó rọrùn láti máàkì ni yóò béèrè. Kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi.

Ẹ má sọ ìrántí di ọ̀tá

Àwọn kan wà tó ń sọ pé kò tún yẹ kí ọmọ há nǹkan kan sórí mọ́, nígbà tí fóònù wà. Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́. Ọmọ tí kò mọ ìlọ́po méje lórí, tí yóò bá fẹ́ yanjú ìṣirò, ibi tó ti ń ka ìka ọwọ́ ni làákàyè rẹ̀ yóò ti rẹ̀ ẹ́. Dókítà tó ní láti lọ wo íntánẹ́ẹ̀tì kó tó mọ ibi tí ẹ̀dọ̀ wà, kò sẹ́ni tó máa fún un lára.

Nílẹ̀ Yorùbá, a mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ọmọ awo máa ń lo ọ̀pọ̀ ọdún láti há Odù Ifá 256 sórí, pẹ̀lú ẹsẹ tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìháǹsórí tó ju ìyẹn lọ. Àmọ́ nígbà tí ẹni tó wá dá Ifá bá jókòó síwájú rẹ̀, ìrántí nìkan kò tó mọ́. Ó ní láti mọ ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ onítọ̀hún mu, kó sì túmọ̀ rẹ̀ sí ìṣòro tó gbé wá. Ìrántí ni ilé ìṣúra. Làákàyè ló ń mọ ohun tó yẹ kéèyàn mú jáde níbẹ̀.

Mẹkáníìkì náà mọ̀ ọ́n. Kí ọ̀gá tó gbà pé ọmọ iṣẹ́ ti tó gba fúrídọ̀mù, kò ní ní kó ka orúkọ irin inú ẹ́ńjìnnì fún òun. Yóò gbé ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ fún un, yóò ní "wá ohun tó ṣe é." Ọmọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mọ orúkọ irin yẹn o, torí láìmọ̀ ọ́n kò lè rìn jìnnà. Àmọ́ orúkọ nìkan kò lè mú kí ọkọ̀ ṣíná.

Ìdánwò tó pé yẹ kó wọ̀n méjèèjì. Wàhálà ti Nàìjíríà ni pé ó fi ibi ìrántí ṣe gbogbo ilé.

Ọmọ tí kò yé, kírámù ló kù fún un

Ọ̀rọ̀ èdè tún wọ̀ ọ́. Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ ṣèpàdé l'Ákùrẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mínísítà fétò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì, torí pé àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó ṣe WAEC lọ́dún 2025 ti kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2019. Ìlànà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022 kò lè dé ibi tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun yòówù kó fa ìfìdírẹmi ọmọ náà, kì í ṣe ìlànà yẹn.

Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ Yorùbá ń tọ́ka sí ibòmíràn. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ló ṣe dáadáa jù, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòro láti rí. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ bá yé lè yí i padà, kó bi í ní ìbéèrè, kó sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè tí tíṣà ń sọ, kò sí ohun tó lè fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ju kó há a sórí bó ṣe wà lọ. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá wá bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi, níwájú tíṣà tí Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán, ìháǹsórí ló máa tètè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún gbé máàkì lé ọmọ lórí láìwo ìdí kóńgò.

Kọ̀ǹpútà ń bọ̀, ìbéèrè wo ló ń gbé bọ̀?

Mínísítà kan náà ti kéde pé WAEC àti NECO máa kó lọ sórí kọ̀ǹpútà. Ìdí tí ìjọba sọ dára: olè ìdánwò ti pọ̀ jù. Òfin tó ta ko jìbìtì nínú ìdánwò ti wà láti ọdún 1999, síbẹ̀ àwọn ilé ìwé tí wọ́n ń pè ní "miracle centre" ṣì ń gba owó lọ́wọ́ òbí. Tí ìbéèrè ọmọ kan kò bá bára mu pẹ̀lú ti ẹni tó jókòó tì í, wíwo ìwé ẹlòmíì yóò dín kù. Àǹfààní gidi ni.

Àmọ́ ìdánwò tí kò ṣeé jí wò àti ìdánwò tó ń wọ̀n làákàyè, ohun méjì ni. Kọ̀ǹpútà lè máàkì ìbéèrè onídàáhùn mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú kan. Àròkọ, summary àti àlàyé bí ọmọ ṣe rí ìdáhùn ìṣirò rẹ̀ ṣì nílò èèyàn tó máa jókòó kà á. Owó ńlá nìyẹn, pẹ̀lú ọmọ tó sún mọ́ mílíọ̀nù méjì lọ́dún. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí owó bá ń ṣọ̀wọ́n, apá tó gba èèyàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé. Apá yẹn gan-an ló ń béèrè fún ìrònú. Ẹ rántí pé ìṣẹ́jú 90 ni WAEC ń fún ọmọ fún ìbéèrè 50 nínú objective Ìṣirò, ìyẹn ju ìlọ́po méjì àkókò tí JAMB ń fúnni lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ó tún fún un ní wákàtí méjì ààbọ̀ láti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn lórí ìwé. Tí ìyẹn bá bọ́, WAEC máa di JAMB kejì.

Ohun tó yẹ kí àwọn òbí, ẹgbẹ́ olùkọ́ àti àwọn aṣòfin béèrè lọ́wọ́ ìjọba báyìí kò le. Àkọ́kọ́, kí àjọ kọ̀ọ̀kan máa sọ fáráyé, lẹ́yìn ìdánwò, iye ìbéèrè tó jẹ́ ti ìrántí àti iye tó jẹ́ ti ìrònú. Èkejì, kí àròkọ àti àlàyé má kúrò nínú ìdánwò nítorí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n tún yàrá àyẹ̀wò ṣe kí wọ́n tó tún ra kọ̀ǹpútà kún kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹrin, kí iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe láàárín ọdún ní ìwọ̀n tó ní láárí, pẹ̀lú àyẹ̀wò láti ìta kí ilé ìwé má baà máa ta máàkì.

Ti òbí náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, ọ̀pọ̀ òbí máa ń béèrè pé "èló lo gbà?" Ó dára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ẹyọ kan kún un: "Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní Yorùbá." Ọmọ tó lè ṣàlàyé photosynthesis fún ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀fọ́, tí ìyá náà sì gbọ́ ọ yé, ọmọ yẹn ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó gba 80 nínú 100 tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, 80 yẹn kò tíì pé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan lóṣù kẹjọ ọdún 2025, kóóńgò WAEC yẹ̀, ìdajì mílíọ̀nù ọmọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Wọ́n ti ṣàtúnṣe kóòdù. Ìdí kóńgò náà ló kù. Títí tí wọn yóò fi wò ó, èsì ìdánwò á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọọdún, ìjọba á máa yọ̀ tàbí kí wọ́n máa sunkún, a kò sì ní mọ̀ bóyá àwọn ọmọ wa ń gbọ́n sí i ni tàbí wọ́n kàn ń rántí sí i.